Okùn LED mi funfun níbẹ̀rẹ̀, ó ń pọ́n lópin: kí ló fà á?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ fi iná tó ń yí àwọ̀ padà ṣe ògiri pálọ̀ mi lọ́ṣọ̀ọ́, kí n sì máa fi fóònù darí rẹ̀. Mo ra okùn LED WS2812B onímítà márùn-ún, gílóòbù 300 ló wà lára rẹ̀. Mo ra bọ́ọ̀dù ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Wi-Fi, mo sì fi WLED, ètò tí a fi ń darí irú iná yìí láti orí fóònù, sínú rẹ̀. Ṣájà fóònù alámp 2 ni mo fi ń fún un níná. Bọ́ọ̀dù náà wà nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà mítà mẹ́rin ló sì gùn dé ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá tan funfun, ìbẹ̀rẹ̀ á funfun, àárín á máa ṣe ìyeyè, ìparí á wá pọ́n bí ẹyin iná. Nígbà míì gbogbo rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, bọ́ọ̀dù á kú, á tún jí. Tí mo bá sì tẹ pupa lórí fóònù, àwọ̀ ewé ló ń tàn. Ṣájà máa ń gbóná gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Òmíràn ní kí n wá adáptà volt 12 kí iná lè lágbára. Ṣé kí n kó o dànù, kí n ra èyí tí wọ́n ti ṣe parí?”

Ẹ má kó o dànù, ẹ má sì jẹ́ kí volt 12 fara kan okùn yẹn rárá, torí ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti pa gbogbo gílóòbù 300 náà pọ̀. Mo mọ̀ bó ṣe ń dunni tó kí èèyàn ra nǹkan tán, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí àwọn ará ilé ti máa retí, kí iná wá máa ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan tó fi hàn pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ìparí tó ń pọ́n, bọ́ọ̀dù tó ń kú tó ń jí, ṣájà tó ń gbóná, orí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dúró lé: iná tí ẹ ń fún un kò tó, ọ̀nà tí iná náà ń gbà kọjá sì tóóró jù. Ṣíṣẹ́jú tó ń ṣẹ́jú nìkan ló lè ní ìdí tirẹ̀ lọ́tọ̀, màá sì dé orí ìyẹn. Mo fẹ́ kí èyí yé yín ná, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tú ètò inú fóònù palẹ̀, tí wọ́n ń yọ WLED kúrò, tí wọ́n tún ń dá a padà, tó sì jẹ́ pé wáyà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo gílóòbù kan ṣoṣo. Ẹ pa iná, ẹ mú okùn náà sún mọ́ ojú, tàbí kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á sún mọ́ tòsí. Onígun mẹ́rin kékeré lẹ máa rí, mìlímítà 5 lóròó, mìlímítà 5 níbùú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi ń pè é ní 5050. Nínú rẹ̀, ẹ máa rí àmì dúdú bíńtín kan, àti àwọn wáyà tín-ín-rín bí irun tó lọ láti ibẹ̀ sí ara ojú iná mẹ́ta. Àmì dúdú yẹn ni ọpọlọ gílóòbù náà. Ojú mẹ́ta yòókù, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Kò sí funfun níbẹ̀. Tí ẹ bá ní kó funfun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń tàn pọ̀ tagbáratagbára, ojú àwa èèyàn ló ń pò wọ́n di funfun. Ojú kọ̀ọ̀kan ń mu tó milliamp 20, nítorí náà gílóòbù kan tó funfun tán ń mu tó 60. Àwọn kan tó jáde lẹ́yìn ń mu díẹ̀ sí ìyẹn, ṣùgbọ́n èmi a máa fi 60 ṣírò, kó má bàa jẹ́ pé ìgbà tí a bá ti so gbogbo rẹ̀ tán la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò tó. Ọ̀nà 300 tí 60 jẹ́ milliamp 18,000, ìyẹn amp 18. Ní volt 5, watt 90 ni. Ṣájà yín kò lè gbé ju amp 2 lọ, watt 10 péré. Ẹrù ẹni mẹ́sàn-án lẹ gbé ka ẹnì kan lórí. Kò kọ̀ ọ́ fún yín, ó ń tiraka, ìdí tó fi ń gbóná nìyẹn. Bó ṣe ń tiraka ni volt rẹ̀ ń wálẹ̀. ESP32 tó ń mu níbẹ̀ náà kò rí tirẹ̀ tó, ó kú. Bó ti kú, ẹrù fúyẹ́, ó jí. Ó ní kí okùn tún tàn, ẹrù tún dé, ó tún kú.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìparí ló ń pọ́n, tí kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀? Orí bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sínú okùn yẹn ni iná ń gbà, bàbà náà sì fẹ́lẹ́ bí ewé. Ẹ rò ó bíi páìpù omi tóóró tí ẹnu ẹ̀rọ 300 wà lára rẹ̀, tí gbogbo wọn ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà nídìí táǹkì á rí omi tó ń tú yàà, ẹni tó wà lópin á máa gbé korobá sábẹ́ èyí tó ń kán tó, tó, tó. Bí iná ṣe ń rìn lórí bàbà ló ń pàdánù volt díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ 5, àárín á ti di 4 àti díẹ̀, ìparí á máa wá 3 kiri. Ojú pupa kò béèrè ju bíi volt 2 lọ kó tó tàn. Búlúù àti àwọ̀ ewé ń béèrè bíi 3, ọpọlọ tó ń darí wọn sì ní èyí tí òun náà á yọ lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí volt bá ti ń wálẹ̀, búlúù ló ń kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ewé á tẹ̀ lé e, funfun á di ìyeyè, lẹ́yìn náà pupa á ṣẹ́ kù lóun nìkan. Ohun tí ẹ ń rí lópin okùn yín gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ayédèrú. Ojúlówó tó dára jù lọ ní irú rẹ̀ yóò ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá fi iná sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Búlúù yìí náà kì í sì í ṣe ohun tó rọrùn láti rí. LED pupa ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1990 ni búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, iṣẹ́ yẹn ló sì mú kí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2014. Nígbàkígbà tí mo bá tan funfun lára irú okùn báyìí, mo máa ń rántí pé láìsí búlúù wọn, kò sí funfun.

Ọ̀rẹ́ yín tó ní kí ẹ wá volt 12 fẹ́ràn yín, àmọ́ ó pa volt pọ̀ mọ́ amp. Volt ni ipá tí ń ti iná lọ. Amp ni bí iná tó ń lọ náà ṣe pọ̀ tó. Volt ti adáptà gbọ́dọ̀ bá ti okùn mu gẹ́lẹ́: 5 sí 5, 12 sí 12. Amp kò rí bẹ́ẹ̀. Ti adáptà lè ju ohun tí okùn nílò lọ fíìfíì, kò ní ṣe okùn ní nǹkan kan, nítorí okùn ló ń fa ìwọ̀n tó fẹ́, adáptà kì í rọ ọ́ sí i lọ́nà ọ̀fun. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí ìbẹ̀rù náà wọ́pọ̀. Àwọn tó ń sá fún adáptà volt 5 alámp 10, tí wọ́n rò pé á jó okùn wọn, ni wọ́n ń padà sórí ṣájà fóònù, tí ṣájà yẹn á sì máa yan lójoojúmọ́.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, nítorí n kò sí níbẹ̀, n kò rí wáyà yín. Ẹ yá mítà tí àwọn oníná fi ń wọn volt, ẹ yí i sí volt irú ti bátìrì (DC), ẹ tan okùn náà funfun, kí ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì kan bàbà 5V (ibi tí iná ń gbà wọlé) àti GND (ibi tí iná ń gbà padà) ní ibi mẹ́ta: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, ìparí. Ẹ ṣọ́ra kí ẹnu méjèèjì má kan ara wọn. Tí ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá kò bá tó 4.5, ṣájà tàbí wáyà mítà mẹ́rin yẹn lẹ ní láti kọ́kọ́ dojú kọ. Tí ìbẹ̀rẹ̀ bá sún mọ́ 5 tí ìparí sì wà nísàlẹ̀ 4, bàbà inú okùn ló ń jẹ ẹ́. Mo rò pé méjèèjì lẹ máa bá níbẹ̀. Tí volt bá wá dọ́gba dáadáa láti orí dé ìdí, tí apá kan sì ń tàn pupa síbẹ̀, ìgbà yẹn ni mo máa gbà pé okùn náà lábùkù, kí ẹ sì gbé e padà fún ẹni tó tà á.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ wọ inú ètò LED nínú WLED, ẹ wá ibi tí ó ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí amp má bàa ju bó ṣe yẹ. Tí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kàn án, milliamp 850 ló máa ń wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fura pé ẹ ti gbé e sókè tàbí kí ẹ ti pa á, torí àwọn èèyàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá rí i pé iná kò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ fi 1500 síbẹ̀ fún ṣájà amp 2 yín. Gbogbo rẹ̀ á tutù pẹ̀sẹ̀: bọ́ọ̀dù kò ní kú mọ́, ìparí á sì sún mọ́ funfun. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ á dín, ṣùgbọ́n kò ní dín tó bí ẹ ṣe rò, nítorí ojú wa kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí mítà ṣe ń kà á. Ẹ dín iná kù sí ìdá mẹ́ta, ojú á ṣì kà á sí nǹkan tó ju ìdajì lọ. Kí ẹ mọ̀, síbẹ̀, pé WLED kò wọn iná kankan. Ìṣirò ló ń ṣe, láti inú iye gílóòbù àti àwọ̀ tó ní kí wọ́n tàn. Tí ẹ bá kọ iye gílóòbù tí kò péye sí i, ìṣirò rẹ̀ á ṣìnà, nítorí náà kò lè rọ́pò fíúsì. Inú ètò kan náà yẹn lẹ ti máa rí ètò àwọ̀: WS2812B ń gba àwọ̀ ewé ṣáájú pupa, ẹ yan GRB (ewé, pupa, búlúù), pupa á sì di pupa.

Ìtọ́jú gidi ni kí ẹ ra adáptà volt 5 alámp 10, kí ẹ sì fún okùn náà níná láti orí àti láti ìdí. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò amp 18. Ṣùgbọ́n ẹ kò nílò amp 18. Kò sí ẹni tó lè jókòó sí pálọ̀ tí gílóòbù 300 ti funfun tán pátápátá kí ojú má dùn ún, àwọn eré àwọ̀ tí ẹ sì máa fẹ́ràn jù kò ní lo gbogbo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Adáptà amp 10, kí ẹ sì sọ fún WLED pé kó má kọjá milliamp 8000. Adáptà tí wọn kò bá fi ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ máa ń tutù, ó sì ń pẹ́.

Ibi tí ẹ gbé adáptà sí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Wáyà bàbà 1.5 mm² ń dí iná lọ́nà díẹ̀, nǹkan bíi milliohm 12 fún mítà kan. Tí ẹ bá fi adáptà sílẹ̀ nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì, mítà mẹ́rin sí okùn, iná á lọ, iná á bọ̀, mítà mẹ́jọ nìyẹn. Tí amp 8 bá gba orí rẹ̀, ó ń sọ volt 0.77 nù sójú ọ̀nà kó tó dé ara gílóòbù àkọ́kọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ irú èyí tó máa ń bá okùn wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń gbé adáptà lọ sí ẹ̀gbẹ́ àárín okùn, kí wáyà kan lọ sí orí, kí èkejì lọ sí ìdí, mítà 2.5 síhìn-ín, mítà 2.5 sọ́hùn-ún. Nígbà náà, amp 4 péré ló ń gba orí wáyà kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń sọnù kò ju volt 0.24 lọ, ojú kò sì lè rí ìyàtọ̀. Iná ilé tó ń wọ adáptà, ìbáà jẹ́ volt 230 tàbí 120, kì í pàdánù ohun tó ṣe gúnmọ́ lórí mítà díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dára kí ibi tó jìn jẹ́ ti iná ilé, kí ibi tó kúrú jẹ́ ti volt 5. Tí ẹ bá fẹ́ fi okùn kún un lọ́jọ́ iwájú, tí adáptà sì di méjì, ẹ gé bàbà 5V láàárín apá ti ọ̀kan àti apá ti èkejì, kí wọ́n má bàa máa ti ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ so gbogbo GND pọ̀.

Ẹ fi fíúsì amp 5 sí ìbẹ̀rẹ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan, nítòsí adáptà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé volt 5 kò lè pa èèyàn, òótọ́ ni, kò lè gbá yín. Àmọ́ ó lè jó ilé. Adáptà amp 10 tó rí ibi tí wáyà ti kan ara wọn díẹ̀ lè máa tú amp 8 tàbí 9 síbẹ̀ láìfura, torí lójú tirẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Fíúsì ló máa já. Kí n sì sọ ibi tí fíúsì mọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo ṣe irú iná yìí yí àjà yàrá kan ká, wáyà rẹ̀ dára, fíúsì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi àwọn kílíìpù kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ okùn láìlo òjé so ó pọ̀ ní igun mẹ́rin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, òórùn ike tó ń jó gbá mi nímú lálẹ́. Nígbà tí mo gun àkàbà, kílíìpù igun kan ti di bíi tábà, ike rẹ̀ ti rọ̀ mọ́ okùn, bàbà abẹ́ rẹ̀ ti dúdú. Amp tó ń kọjá níbẹ̀ kò tó ohun tó lè já fíúsì. Ibi tí irin kílíìpù ti kan bàbà ló kéré jù, ó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lóru, lóru, títí ó fi jó. Àwọn tó sùn nínú yàrá yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi òjé jó gbogbo ibi tí iná ńlá ń gbà, mo sì ń fi ọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn wákàtí kan tí iná ti ń tàn. Èyí tí ọwọ́ kò bá lè dúró lé, mo máa tú u, mo máa tún un ṣe.

Ó ku ti ṣíṣẹ́jú. Láàárín bọ́ọ̀dù àti okùn, wáyà kan wà tó ń gbé ọ̀rọ̀, àwọn tó ń ta okùn ń kọ DIN sí ẹnu ibi tó ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn ń rìn bí ìdìpọ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń na kiri: gílóòbù àkọ́kọ́ á mú lẹ́tà tó wà lókè, tó jẹ́ tirẹ̀, á sì na ìyókù sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ bit 24 (bit kan jẹ́ òdo tàbí ọ̀kan), mẹ́jọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gba nǹkan bí ìdá 30 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo 300 yín ń gba lẹ́tà tiwọn tán láàárín ìdá 9 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Pẹ̀lú irú eré yẹn, àṣìṣe kékeré ti tó kí àwọ̀ máa fò káàkiri. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni GND: ti bọ́ọ̀dù àti ti okùn gbọ́dọ̀ so pọ̀. Tí wọn kò bá so pọ̀, ọ̀rọ̀ kò ní ìpìlẹ̀ tí wọ́n á fi kà á. Ìkejì ni mítà mẹ́rin yẹn, ó gùn jù. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù sún mọ́ ẹnu okùn, kí wáyà ọ̀rọ̀ má ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, kí ẹ sì fi resistor 330 ohm, ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́nà díẹ̀, sí i.

Ìkẹta ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú kí ẹ má bàa bínú sí adáptà tuntun. ESP32 ń fi volt 3.3 sọ̀rọ̀. WS2812B, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí àwọn tó ṣe é kọ, fẹ́ kí ohùn tó ga tó ìdá méje nínú mẹ́wàá volt tó ń jẹ kó tó gbà pé wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìdá méje nínú mẹ́wàá 5 jẹ́ 3.5. Ẹ rí i pé 3.3 kò tó. Ṣùgbọ́n ṣájà yín tó ti rẹ̀, tó ti wálẹ̀ sí bíi 4.6, sọ ààlà yẹn di 3.2, nítorí náà ọ̀rọ̀ ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé adáptà gidi dé, tí volt wá dúró ṣinṣin lórí 5, ó ṣeé ṣe kí ṣíṣẹ́jú náà pọ̀ sí i. Ẹ má tìtorí ìyẹn padà sórí ṣájà. Ẹ ra ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ 74AHCT125, ẹ fún òun náà ní volt 5, kó gba 3.3 láti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù kó sì sọ ọ́ di 5 fún okùn. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ gé gílóòbù kan láti inú okùn, ẹ fi síwájú gbogbo wọn, kí 5V tirẹ̀ gba inú diode 1N4001, ẹ̀yà kékeré tí iná ń gbà lọ́nà kan ṣoṣo, kọjá. Diode yẹn á mú volt rẹ̀ wá sí nǹkan bíi 4.3, á lè gbọ́ 3.3, á sì fi ohùn 4.3 bá ẹni tó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀, èyí tó ju 3.5 lọ.

Ní ti àtirà èyí tí wọ́n ti ṣe parí, mi ò ní bá yín jà tí ẹ bá yàn án. Ẹni tí kò fẹ́ mú irin òjé dání, tó kàn fẹ́ kí ògiri mọ́lẹ̀ lálẹ́ òní, ó yẹ ẹ́. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ irú tí gbogbo okùn á máa yí àwọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bí àwọ̀ ṣe lè máa sáré láti ọ̀tún sí òsì. Àwọn mìíràn kò sì ní gbọ́ràn tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, torí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ni fóònù yín ń bá sọ̀rọ̀ kó tó dé ara ògiri yín. WLED ń ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi inú ilé láìbá ẹnì kankan níta sọ̀rọ̀, ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ kàn rántí pé Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ni ESP32 yẹn mọ̀. Ká ní ẹ kò tíì ra ohunkóhun ni, mo lè ní kí ẹ wo WS2815 oní-volt 12: ó ń fara da ọ̀nà jíjìn dáadáa, ó sì ní wáyà ọ̀rọ̀ kejì tó jẹ́ pé tí gílóòbù kan bá kú, àwọn tó tẹ̀ lé e á ṣì máa gbọ́. Fún mítà márùn-ún tó ti wà nílé, kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ra òmíràn.

Nígbà tí iná bá ti dúró, ẹ má jẹ́ kí ojú gílóòbù kọjú sí ẹni tó jókòó. Ẹ yí i sí ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ ta sára ògiri kó tó padà, tàbí kí ẹ fi í sínú ọ̀pá alumíníọ́mù oníkòtò tó ní ìbòrí funfun, alumíníọ́mù yẹn á sì tún máa fa ooru kúrò lára rẹ̀. Bí ìbòrí bá ṣe jìnnà sí gílóòbù tó ni àmì gílóòbù kọ̀ọ̀kan á ṣe parẹ́ tó. Funfun tí wọ́n fi àwọ̀ mẹ́ta pò kì í jẹ́ kí àwọ̀ ara èèyàn hàn bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ má fi rọ́pò iná tí ẹ fi ń kàwé. Tí ẹ bá sì fi fóònù pa á, kò kú tán: ọpọlọ 300 yẹn ṣì ń mu tó milliamp kan kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí amp 0.3 tọ̀sán-tòru, nítorí náà ẹ yọ adáptà tí ẹ bá ń rìnrìn àjò.

Iṣẹ́ volt 5 nìkan ni mo kọ́ yín yìí. Tí adáptà tí ẹ bá rà bá jẹ́ irú onírin tó ní ihò ìdè fún wáyà iná ilé, ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ so ibi iná ilé fún yín, kó so wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀, kó sì bò ó níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní dé ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ń wọ̀. Ẹ fi nọ́ḿbà mẹ́ta tí mítà bá kà ránṣẹ́ sí mi, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí, kí ẹ kọ ìwọ̀n wáyà tí ẹ lò mọ́ ọn.